Aṣọ Síkáòtù Mẹ́ta

Inú ń bí mi títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹ má sì retí pé kí n fi oyin sí i. Wọ́n mọ̀ mí ní Ìwárò-Òkà. Wọ́n ní ẹnu Déwùnmí kì í pẹ́ gbóná, wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi á ti yà sí kọ̀rọ̀. Mo gbà. Wọ́n tún máa ń sọ fún mi pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì rí ohun tí mo rí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìkàré.

Ọmọ kan ni mo ní nílé, ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Jesse ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n Ẹ̀taòkò ni orúkọ tó mú ti ọ̀run wá, kò sì sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, Ẹ̀taòkò wá ṣe ìkẹta. Ọkùnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ta, èéyi wọ àdúgbò wa. Ó mú Táyé lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú Kẹ́hìndé lọ ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó ba ojú ọ̀tún Jesse jẹ́, ó sì fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìkàré, òun là ń pè ní Ìyá Ìkàré. Ilé tiwọn kò tíì fi ọ̀nà àwọn baba wọn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìbejì kì í kú, ìrìn àjò ló ń lọ. Ohun tí wọ́n bá rà fún èyí tó kù nílé, wọ́n á ra ti àwọn tó rìnrìn àjò mọ́ ọn, kí inú má baà bí wọn, kí wọ́n má baà wá mú ìkẹta wọn lọ. Bí Ìyá Ìkàré bá ra bisikíìtì fún Ẹ̀taòkò, mẹ́ta ni. Bí ó bá ra fìlà, mẹ́ta ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fara dà á. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bàtà kékeré mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì, bàtà tí ẹsẹ̀ kankan kò ní wọ̀ láéláé. Mo kó wọn, mo dà wọ́n síta lójú Ìyá Ìkàré tó wá kí wa. Mo ní bó bá tún dárúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nínú ilé mi, kó má wá síbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní, ọ̀kan ni mò ń wí.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wí i, ó sì ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ọdún yìí ni Jesse wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù. Ọ̀gá Ezekiel, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ló dá a sílẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ń pàdé ní Sátidé, ọmọ mẹ́rìnlá, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń so okùn, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń di egbò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù lè má mọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi. Nítorí ojú rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pín ara wọn sọ́nà méjì láti gbá bọ́ọ̀lù, Jesse ló máa ń ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́. Síkáòtù ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un pé kó máa bọ̀. Láàárín oṣù kan, kò sí ohun tó ní ẹsẹ̀ nínú ilé mi tí kò so okùn mọ́, ó so àga, ó so tábìlì, ó so ewúrẹ́ aládùúgbò mọ́ ọ̀pá aṣọ, a sì tọrọ àforíjì.

Wọ́n fi ọjọ́ ìbúra sí Sátidé kan. Ní ọjọ́ náà ni ọmọ máa ń na ìka mẹ́ta sókè tó máa búra, wọn á wá so síkáàfù mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí kò bá ní yúnífọ́ọ̀mù kò lè búra. Kí aṣọ wọn má baà yàtọ̀ síra, Ọ̀gá Ezekiel ránṣẹ́ lọ ra kaakí láti Ìbàdàn, àwọ̀ tí kò sí lọ́jà wa, èyí tó máa tó ọmọ mẹ́rìnlá gẹ́lẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún télọ̀ kan ṣoṣo, Àlájà Limota ní Ìkàré, tó ní maṣíìnì tó ń fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti wà ní àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọmọ náà lọ gba ìwọ̀n ní Ìkàré lẹ́yìn ilé ìwé, Ọ̀gá Ezekiel kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ó dúró níta, ó ń bá dẹ́rẹ́bà tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti gba àyè.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n búra, Ọ̀gá Ezekiel pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Jesse, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí Àlájà ní Ìkàré. Wàhálà kan wà lórí aṣọ ọmọ yín."

Mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo wọ mọ́tò. Láti Òkà títí a fi kọjá Akùngbá, ohun tí mò ń rò ni pé bóyá ṣòkòtò rẹ̀ kúrú.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Àlájà. Ó ti fi hángà gbé àwọn aṣọ náà kọ́ sára ògiri, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n lọ̀ wọ́n dáadáa. Mo ń fi ojú wá orúkọ Jesse. N kò rí i. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ Ẹ̀TAÒKÒ sí ní àyà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní apá ọ̀tún, KẸ́HÌNDÉ. Èyí tó tẹ̀ lé e, TÁYÉ.

Mo di àga mú.

"Ìyá ìbẹta," Àlájà ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá gbogbo wa. Ibo lẹ fi àwọn tó kù pamọ́ sí? Ẹyọ kan ló wá gba ìwọ̀n. Ọ̀gá yín ní ọmọ mẹ́rìnlá, mo gé aṣọ títí, ó tán nígbà tó ku Kareem àti Bísọ́lá. Mo pè é pé aṣọ tó kó wá kò pé, ó ń bá mi jà. Ọmọ mẹ́rìndínlógún kọ́ ni wọ́n ni?"

Mo ní kó sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀, ìkan-ìkan.

Ó ní ọmọ náà wọlé, òun bi í ní orúkọ tí òun máa kọ sí àyà rẹ̀, ó ní Ẹ̀taòkò. Òun ní há, mélòó ni yín? Ó ní mẹ́ta. Òun ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Ó ní wọn ò sí nílé. Òun ní kò burú, ìwọ̀n kan náà ni. Ó fi ara Jesse wọn aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ ò lè ní kí n rán ti Ẹ̀taòkò kí n fi Táyé àti Kẹ́hìndé sílẹ̀," ni Àlájà wí. "Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi náà bí ìbejì."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú obìnrin náà. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Mo ní ìyá àgbàlagbà kan láti Ìkàré níbí ló wá bá a, àbí? Mo ní kó má parọ́ fún mi. Ó fi Kùránì búra pé kò sí ìyá kankan tó wá. N kò gbọ́. Mo rò pé ọdún mẹ́jọ ni ìyá ọkọ mi ti ń lé mi lẹ́yìn, tó wá lé mi bá níwájú gbogbo ayé. Mo já aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ògiri, mo kó wọn sí apá, mo jáde.

Ilé Ìyá Ìkàré kò jìnnà sí ọjà. Mo bá a lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. N kò kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró lórí rẹ̀ gbagidi bí ẹni tó wá gba gbèsè. Mo ju aṣọ náà sórí ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo ní kò tó ọ pé méjì lọ, o tún fẹ́ kí ẹ̀kẹta máa fi orúkọ wọn ṣe ẹlẹ́yà káàkiri. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́, mo wá dé ibi tí mo ti pè é ní ohun tí a kì í pe ìyá ẹni, áḿbọ̀sìbọ́sí ìyá ọkọ. Àwọn aládùúgbò ti yọjú. Mo fẹ́ kí wọ́n yọjú.

Ó dúró títí mo fi sọ tán. Ó yọ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára kọ́là ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà.

"Ùwọ Déwùnmí," ó ní, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìkàré, "n kò mọ ọ̀nà ulé Limota. O ní kí n má dárúkọ wọn. Ọdún mẹ́jọ rè é, n kò dárúkọ wọn fún ẹnìkan. Inú mi ni mo ti ń dá a sọ."

Mo na ọwọ́ sí aṣọ náà.

Ó na ìka sí ohun tí wọ́n fi òwú kọ. Kò mọ̀wé. "Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Mo kó aṣọ náà, mo jáde. N kò sọ ohun tí wọ́n kọ fún un. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn mi títí mo fi dé gáréèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú mi rọ̀. Ẹni tó ṣẹ èèyàn láìnídìí, inú rẹ̀ tún máa ń bí i sí i ni.

Mo bá Jesse nílé, ó ń fi ẹnu kọ́ ìbúra rẹ̀ níwájú díńgí, ìka mẹ́ta lókè. Ó rí aṣọ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó wá rí i pé mẹ́ta ni, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ohun tó o sọ fún Àlájà?"

"Kò sẹ́nìkan, Mọ́mì."

"Kí ló bi ọ́?"

"Ó ní mélòó ni wá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mẹ́ta."

Mo gbá a létí. Mo ní, "Ọ̀kan ni ọ́. Ṣé o gbọ́? Ọ̀kan ni ọ́." Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kò sunkún. Ó ní ní ilé ìwé, bí tíṣà bá ti pe Ẹ̀taòkò, orúkọ tó wà nínú ìwé, gbogbo wọn ló máa ń yíjú wò ó, wọn á ní àwọn yòókù dà. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń bi í. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń ní wọ́n wà ní Àkúrẹ́. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ, torí pé òun ò mọ nǹkan kan nípa wọn.

Mo pe Godwin, ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Màámi nìyẹn, ẹ má pè mí sí i." Mo pa fóònù náà. Ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́ni tí n kò ní ìdí láti bínú sí lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Ezekiel pè wá jọ sí gbọ̀ngàn. Bridget wà níbẹ̀, ìyá Bísọ́lá. Badmus wà níbẹ̀, bàbá Kareem. Jesse dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti kó aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, mo sì mú bíléèdì dání pẹ̀lú, torí pé mo ti ro ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti rí i pé kò le. Jesse, Kareem àti Bísọ́lá jọ ga bákan náà. Mo ní ká tú òwú orúkọ kúrò lára méjì, kí Àlájà kọ Kareem sí ọ̀kan, kó kọ Bísọ́lá sí èkejì, kí gbogbo wọn búra lọ́la.

Bridget fi ẹsẹ̀ ti àga sẹ́yìn. "Aṣọ tí wọ́n rán fún òkú? Kí ọmọ tèmi wọ̀ ọ́?"

"Kaakí ni," mo ní. "Ìbàdàn ló ti wá."

"Ìyá Jesse, ẹ má bínú," ni Badmus wí, ó rọra sọ ọ́. "A kì í fi ohun ìbejì ṣeré. Orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀. Ẹ tú òwú, ṣé ẹ lè tú orúkọ? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí."

Mo wo àwọn méjèèjì. Bridget yìí ló ń darí àdúrà ní ìjọ wa, òun ló ń da òróró sí orí gbogbo ilẹ̀kùn. Òun gan-an ló wá bá mi lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó dì mí mú, tó ní kí n má jẹ́ kí ìyá ọkọ mi fi àṣà kèfèrí kó bá ìyókù ọmọ mi, pé àwọn ọmọ náà ti kú, ó tán. Mo gbà á gbọ́. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo dúró lé tí mo fi da bàtà síta. Òun ló wá ń wo ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó rí ejò. Mo sọ ọ́ fún un lójú, mo ní, "Ṣé wọn ò kú mọ́ ni, Ìyá Bísọ́lá? Ìgbà wo ni wọ́n jí?" Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀gá Ezekiel gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í kí i mọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fipá wọ aṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kaakí mìíràn máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Ó ní ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fà á.

"Jesse, kí ni òfin wa àkọ́kọ́?"

"Pé kí èèyàn lè gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́, sà."

"O sọ fún Àlájà pé mẹ́ta ni yín. Nítorí ìyẹn, àwọn ọmọ méjì kò ní búra lọ́la. Bọ́ síwájú. Bí o bá sọ fún gbogbo wa pé o parọ́, pé ọ̀kan ni ọ́, màá jẹ́ kí o búra. Bí o kò bá sọ ọ́, o kò ní búra."

Mo ti sọ fún Jesse nílé pé ohun tó máa ṣe nìyẹn. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó ní òun parọ́, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀. Ó sì kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó la ẹnu. Ó wá yí orí, kì í ṣe sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ezekiel, sọ́dọ̀ mi ni, ó yí i dé ibi tí ojú òsì rẹ̀ ti lè rí mi dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa iṣẹ́ mi. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé. Ìbéèrè méjì ni mò ń bi ìyá ọmọ. Mélòó lo bí rí? Mélòó ló wà láàyè? Àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń kọ wọ́n sí. Mo ti bi obìnrin tí n kò lè ka iye wọn, láti Ìkun, láti Ìṣùà, àwọn tí kò ka ìwé rárá, tí wọ́n ń fọn imú ọmọ lójú mi bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Wọ́n á ní márùn-ún, mẹ́rin. Wọ́n á ní méje, mẹ́rin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó da méjèèjì pọ̀ rí. Èmi tí mo ń kọ ọ́ nìkan ni.

Ọmọ náà ń dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó máa sọ ọ́. Ó gbọ́ràn jù. Ó máa ní ọ̀kan ni òun, ó máa búra lọ́la, wọ́n á so síkáàfù mọ́ ọn lọ́rùn, àwòrán rẹ̀ á wà lórí fóònù mi. Orí mi sì ti ń lọ síbẹ̀, n kò ní tàn yín.

"Dìde," mo ní.

Ó dìde.

"Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé ọmọ yìí parọ́? Mẹ́ta ni mo bí. Táyé. Kẹ́hìndé. Ẹ̀taòkò." Ọdún mẹ́jọ ni orúkọ méjì yẹn kò fi gba ẹnu mi jáde, ohùn mi sì gbọ̀n, ìyẹn tún bí mi nínú. "Àlájà kò bi í pé mélòó ló wà láàyè. Ó ní mélòó ni wọ́n. Ọmọ mi sọ òótọ́ fún un. Èmi ni mo ń parọ́, gbogbo yín lẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kò sí ẹni tó sọ pé Déwùnmí, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kúnlẹ̀, èmi rè é."

Badmus bọ́ fìlà, ó tún un dé.

"Ìyá Jesse," ni Ọ̀gá Ezekiel wí, "n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ṣì wà tí kò ní aṣọ. Bí mo bá jẹ́ kí ẹni tó ní mẹ́ta búra níwájú ẹni tí kò ní rárá, kí ni mò ń kọ́ wọn? Ẹ jẹ́ kó dúró dè wọ́n."

Bó ṣe dá a nìyẹn. Wọ́n ní ìdájọ́ òdodo ni, àwọn kan sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi di òní. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kí n tó jáde, n kò lè tún un sọ níbí. Ẹ̀taòkò ló fa ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.

Ní Sátidé, láti àárọ̀ ni a ti ń gbọ́ fèrè wọn láti gbọ̀ngàn. Ẹ̀taòkò jẹun, ó wẹ̀, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sí síkáàfù lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Nígbà tí ìyẹn fẹ́ pa mí, mo ká aṣọ méjì yòókù sínú báàgì, mo ní kó dìde, à ń lọ sí Ìkàré.

Ìyá Ìkàré wà lórí ẹní rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo fi orúnkún wọ́ wọlé, mo ní Màámi, mo ti ṣẹ̀ yín. Kò ní kí n dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi, síbẹ̀ orúnkún ń dùn mí, inú sì ń bí mi sí orúnkún.

"Ẹ̀taòkò," ni ó wí, "wá níbí. Aṣọ yìí ni wọ́n ń jà sí?"

Ọmọ náà jókòó tì í, ó yọ àwọn aṣọ náà nínú báàgì. Ó mú ìka ìyá rẹ̀ àgbà, ó fi ń tọ òwú náà bó ṣe ń kà á fún un. "Táyé rè é, Ìyá. Kẹ́hìndé rè é."

Ìyá àgbà náà tẹ́ èyí tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé sórí ẹsẹ̀, ó na apá rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, ó wo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, Ìyá. Èmi ni wọ́n fi wọn gbogbo rẹ̀."

Ó mi orí. "Éè, kò dáa bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé ga jù ọ́ lọ. Kékeré ló ti gùn jù yín. Aṣọ yìí á kúrú fún un."

Ẹ̀taòkò yíjú sí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," mo ní.

Ó dìde, ó wá dúró níwájú mi, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó na ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. "Ibo ni orí rẹ̀ ì bá dé báyìí?"

Mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n dìde. Mo gbé ọwọ́ mi kọjá orí rẹ̀. N kò mọ ibi tí mo máa dá a dúró sí.